John Cade, dókítà tí ó wá ìwòsàn fún àrùn ọpọlọ

Ọjọ́ 18, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1912, ni wọ́n bí John Cade sí ìlú Murtoa, ní ìpínlẹ̀ Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Àwọn tí ẹlòmíràn ń sá fún ni Cade ń rí lójoojúmọ́ bí ó ti ń dàgbà.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, òun náà wọ iṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1942, Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Japan, wọ́n sì kó Cade sí àhámọ́ ní Changi. Ó lo ọdún mẹ́ta ó lé níbẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, ó ń ṣiṣẹ́ ní Bundoora, lẹ́bàá Melbourne. Àrùn tí ó jẹ ẹ́ lógún ni èyí tí ó ń mú ara ènìyàn yá kọjá ààlà, tí oorun kì í kùn ún, tí yóò tún wá sọ ọ́ sínú ìbànújẹ́ ńlá. Ó fún ẹmọ́ òyìnbó ní abẹ́rẹ́ èròjà lítíọ́ọ̀mù, ara àwọn ẹranko náà sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lo oògùn náà kí ó tó fún aláìsàn.

Ní oṣù kẹta, ọdún 1948, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkùnrin ẹni ọdún 51 kan, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ní oṣù keje, ọkùnrin náà kúrò ní ilé ìwòsàn, kò sì pẹ́ tí ó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1949, Cade tẹ àbájáde ìtọ́jú aláìsàn mẹ́wàá jáde.

Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí kò tó. Ọkùnrin náà pa oògùn tì, àrùn náà padà dé. Wọ́n tún fún un ní oògùn, ó pọ̀ jù fún ara rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1950. Wọn kò tíì máa fi ẹ̀jẹ̀ wọn ìwọ̀n oògùn náà lára aláìsàn nígbà náà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Melbourne fi hàn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè dènà irú ewu bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà. Cade kú ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 1980.

Ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀ ṣì wà nílẹ̀: báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ara aláìsàn ti yá ní tòótọ́? Lónìí, àwọn olùwádìí ń wo bí ọkàn ṣe ń lù àti bí awọ ara ṣe ń làágùn, nítorí iṣan tí kì í dúró de àṣẹ wa ló ń darí wọn. Síbẹ̀, irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò tíì rọ́pò dókítà tí ó fara balẹ̀ gbọ́ aláìsàn.