BÍṢỌ́Ọ̀BÙ SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER: ẸNI TÍ Ó FI SÙÚRÙ KÓ Ọ̀RỌ̀ JỌ

Nígbà tí ìjọ Ọlọ́run bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo àwọn tí ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé Àjàyí Crowther ni ènìyàn dúdú kìíní tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ti ronú sí bí ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá títí ó fi tó bí ọmọ ọdún 13 ṣe wá di ẹni tí ń fi èdè náà wàásù, tí ń fi í kọ̀wé, tí ó sì fi í tún èdè àwọn baba rẹ̀ ṣe. Èyí ni a fẹ́ sọ ní ìwọ̀nba níhìn-ín.

Òṣogùn ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú Àjàyí àti ìyá rẹ̀ ní ẹrú. A fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. A sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí fi rà á, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù April, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gbà wọ́n sílẹ̀. Àwọn olùgbàlà wọn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Nígbà tí wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́ àti ọta àgbá nínú ọkọ̀, wọ́n rò pé ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni àìgbédè ṣe sọ ọjọ́ ìdáǹdè di ọjọ́ ìbẹ̀rù fún wọn.

Sàró ni a kó wọn lọ. Ní ọjọ́ tí Àjàyí kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó tọrọ ìdajì kọ́bọ̀ láti fi ra ìwé tí a kọ lẹ́tà A B C sí, kí ó lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí ó máa ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó kọ́ ní àná, òun ni ó ń fi kọ́ ẹlòmíràn ní òní. Kò sí ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ láti mú ọ̀rọ̀ àjèjì di ti ara ẹni, nítorí ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọdé kò lè fi ẹnu lásán gbé e. Ní ọjọ́ 11 oṣù December, ọdún 1825, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther. Ní 1826 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù díẹ̀. Ní 1827 ó wà nínú àwọn ọmọ kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì, ó sì kọ́ èdè Tẹ́ḿnè tí àwọn onílẹ̀ ń sọ pẹ̀lú.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sọ Yorùbá nù. Ní 1843, ọdún tí a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ni a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀: apá kan fi Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, èkejì fi Yorùbá ṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ọ̀rọ̀ ní àmọ̀dunjú. Ó níláti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn ará ilé ń pe nǹkan náà. A máa tẹ́tí sí àwọn àgbà, a sì máa kọ òwe wọn sílẹ̀. Ní 1846, nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀, Afala, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún 25, kò wá ògbufọ̀ láàárín wọn. Ẹ wo irú ìbànújẹ́ tí ìbá jẹ́, bí èdè kan bá ti lé èkejì jáde lẹ́nu rẹ̀!

Ní 1851 ó dé ọ̀dọ̀ Ọba-Bìnrin Victoria, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ilẹ̀ wa, ó sì ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá. Èdè náà sì dùn mọ́ Ọba-Bìnrin nínú. Ní 1852 ni ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó kún jù ti ìṣáájú lọ jáde, tí òwe sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1862 iná sọ, ó sì jó àwọn ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ láti ìgbà tí ìwé 1852 ti jáde. Nínú gbogbo ohun tí iná náà jẹ, ìwé wọ̀nyí ni ó dùn ún jù. Síbẹ̀ kò gbé kálámù rẹ̀ jù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù June, ọdún 1864, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Nígbà tí ó sì di 1884, ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ti parí, tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù December, ọdún 1891, ó sùn nínú Olúwa ní Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jinlẹ̀, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára bàbá yìí. Ẹ máa kàwé lójoojúmọ́. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ titun sílẹ̀. Ẹ máa fi ohun tí ẹ mọ̀ kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má sì lo ọ̀rọ̀ ńlá tí ẹ kò lè túmọ̀ fún ìyá yín nílé. Bí àjálù bá sì jẹ iṣẹ́ ọdún púpọ̀ run, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa gbé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ dìde láàárín wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.