Fadá Borghero àti Owó Ìtanràn Àrá

Ẹ̀yin ará wa nínú Krístì, bí àrá bá sán lu ilé yín ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí iná sì ràn mọ́ òrùlé, mo mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ pa iná náà ná. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn àgbà ẹbí bá dé, tí wọ́n sì rọra sọ fún yín pé ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ má ṣe, kí ni ẹ ó wí? Àlùfáà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá ní ọdún 1863. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó gbé e dé inú ẹ̀wọ̀n. Francesco Borghero ni orúkọ rẹ̀, a sì máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń sọ bí ìgbàgbọ́ wa ṣe dé etí òkun yìí.

Ní ilẹ̀ Ítálì ni a ti bí i ní ọdún 1830, ní Ronco Scrivia, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Genoa. Ó di àlùfáà, ó sì darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SMA. Ẹgbẹ́ náà kò tí ì pé ọdún mẹ́ta tí ikú fi wọlé tọ̀ ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù náà gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, àjàkálẹ̀ àrùn ti pa á, ó sì pa nínú àwọn tí ó bá a lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè rò pé iṣẹ́ náà ti parí. Fadá Augustin Planque, tí ó gba ipò olórí, kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1860 Róòmù fi ilẹ̀ Dàhòmì lé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, Borghero ni Planque sì fi ṣe olórí àwọn tí ó rán lọ.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wọ ọkọ̀ ní Toulon ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1861: òun, Francisco Fernandez ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, àti Louis Edde ọmọ ilẹ̀ Faransé. Edde kú ní Freetown lójú ọ̀nà. Àwọn méjì tí ó kù ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Ouidah, tí àwọn Potogí ń pè ní Ajudá, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin. Inú odi àtijọ́ tí àwọn Potogí kọ́ sí ìlú náà ni wọ́n fi ṣe ibùgbé.

Ẹ má rò pé àárín àwọn tí kò tí ì gbọ́ orúkọ Jésù rí ni wọ́n dé. Àwọn tí a ti ṣe ìrìbọmi fún ti wà níbẹ̀ tipẹ́: àwọn ọmọ oníṣòwò ará Potogí àti ará Bràsíìlì, àti àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n ti padà wálé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ náà ni ó padà sí Èkó, tí a ń pè ní Àgùdà, ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń pe Ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà títí di òní. Wọ́n mọ àmì àgbélébùú, wọ́n fẹ́ràn àjọ̀dún àwọn ẹni mímọ́, wọn kì í sì fi ìrìbọmi àwọn ọmọ wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n ní oko ẹrú wọ́n ti kọ́ láti fi aṣọ ẹni mímọ́ bo òrìṣà mọ́lẹ̀. Ní Bahia, Ṣàngó a máa wọ ẹ̀wù Bárbárà Mímọ́ tàbí ti Jerome Mímọ́. Yemọja a sì máa fara pamọ́ sẹ́yìn Ìyá wa Màríà. Èmi kò lè bá wọn wí jù. Ẹni tí pàṣán olówó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ a máa fi ohun tí ó bá rí pa ara rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ òmìnira, aṣọ náà kò bọ́ mọ́, àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ohun tí ó jẹ́ ti ẹni mímọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ ti òrìṣà. Nínú ìlú náà ni ilé òrìṣà Dangbe wà, níbi tí a ti ń bọ ère. Ẹni tí ó bá pa ère, ì báà ṣèèṣì, yóò jìyà rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1861, Borghero gòkè lọ sí Àgbómẹ̀ láti rí ọba Glele. Kí ó tó wọ ìlú, ó bẹ ọba pé kí a kó àwọn ère àti oògùn tí ó wà lójú ọ̀nà kúrò tàbí kí a bò wọ́n, nítorí ẹ̀wù àlùfáà ni òun yóò wọ̀ wọlé. Ẹ rò ó wò: àjèjì tí kò ní ọmọ ogun kan lẹ́yìn, tí ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọba tí gbogbo ilẹ̀ ń wárìrì níwájú rẹ̀! Ọba gbà. Ó fi ọlá gbà á lálejò, ó sì mú kí àwọn obìnrin jagunjagun rẹ̀ ṣe eré ogun níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ lásán kọlu odi tí a fi ẹ̀gún ṣe. Borghero náà kó ẹ̀bùn fún ọba, ó sì bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ọba. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú. Síbẹ̀, ọba kò fún un ní ohun tí ó wá tọrọ. Ó lè gbé ní Ouidah, ó lè kọ́ àwọn ọmọ Àgùdà ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ Dàhòmì fúnra wọn di onígbàgbọ́, ọba kò fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ó di ọdún 1863, àrá sán lu ibùgbé àwọn Fadá ní Ouidah.

Ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní iṣẹ́ Ṣàngó, Hevioso ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe òrìṣà rẹ̀. Òfin wọn kò sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn baba ńlá wa mọ̀. Ẹni tí àrá bá bá jà ti ṣẹ òrìṣà. Àwọn olùsìn rẹ̀ yóò wá, wọn yóò bu owó ìtanràn lé e lórí, ẹni náà yóò sì san án kí ilé rẹ̀ àti ìlú lè tòrò. Wọ́n wá bá Borghero bí wọn ì bá ti wá bá ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò ní san. Yovogan, ìjòyè tí ọba fi ṣe alábòójútó àwọn òyìnbó ní Ouidah, ni ó ní láti dá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi Fadá sí ẹ̀wọ̀n. Kò pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi dá a lójú nígbà tí ó wọlé pé kò ní pẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé agídí ni èyí. Kí ni owó? Ẹni tí kò gba Hevioso gbọ́, kí ni yóò pa á lára bí ó bá san án láti fi wá àlàáfíà? Ṣebí ó ti kó ẹ̀bùn fún ọba rí? Ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyí. Ẹ̀bùn tí ó fún ọba, ọba ni ó fún, ọba sì wà lóòótọ́, ọlá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìtanràn àrá kì í ṣe owó orí, kì í sì í ṣe owó títún ọ̀nà ṣe. Ẹni tí ó bá san án ti jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀ sí ẹnìkan tí ó ju ènìyàn lọ, ó sì ti bẹ ẹni náà kí ó dárí ji òun. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìrúbọ sì ni. Ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó san án kò yí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe padà, pàápàá lójú àwọn ọmọ Àgùdà ìlú náà, tí wọ́n ń wo ohun tí Fadá wọn yóò ṣe kí àwọn náà lè mọ ohun tí wọn yóò máa ṣe.

Àwa níhìn-ín ní Ibiade àti ní gbogbo etí omi yìí, bóyá òdìkejì rẹ̀ ni a ń ṣe. Borghero kò gbà gbọ́, kò sì bọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bọ, ṣùgbọ́n a gbà gbọ́ púpọ̀. A ó lọ sí Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi, a ó gba Ara Olúwa, a kò ní dé ojúbọ kankan. Síbẹ̀ bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ojú tí a fi ń wo arúgbó inú agboolé kì í ṣe ojú ìfẹ́. Àwọn mìíràn a máa fi owó ránṣẹ́ sílé fún ètùtù, wọn a sì sọ pé àwọn kò fi ẹsẹ̀ àwọn débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn baba wa gbà gbọ́ ni Ìjọ kọ̀. Wọ́n gbà pé Olódùmarè wà, pé òkú kò parun, pé olè àti èké yóò jíhìn. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìwọ̀nyí. Èyí tí Òfin Èkíní kọ̀ ni kí a fi ìbẹ̀rù àti ìrètí tí ó jẹ́ ti Ọlọ́run fún ohun mìíràn, ì báà ṣe pẹ̀lú ẹran àti obì, ì báà ṣe pẹ̀lú owó tí a fi ránṣẹ́, ì báà sì ṣe nínú ọkàn lásán tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Èmi kò ní fi Borghero ṣe ẹni tí kò ní àléébù. Ọmọ ìgbà tirẹ̀ ni. Ohun púpọ̀ tí ó jẹ́ àṣà lásán ni ó kà sí iṣẹ́ èṣù, kò sì ní sùúrù láti bi àwọn àgbà léèrè ìdí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó gba ọdún púpọ̀ kí àwọn arákùnrin rẹ̀ nínú SMA tó kọ́ èyí. Ní ọdún 1947 ni Fadá Kevin Carroll àti Fadá O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì tí ó gbẹ́ ère fún àwọn abọ̀rìṣà, láti wá gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ilé Ọlọ́run. Ọwọ́ kan náà, irinṣẹ́ kan náà, igi kan náà. Ìsìn ni ó yàtọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan bínú sí iṣẹ́ náà, wọ́n ní a ń dá òrìṣà padà sínú ìjọ. Bí ẹ bá bi mí, n ó sọ pé Carroll mọ ohun tí Borghero kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè kọ ìtanràn Hevioso kò yẹ ní ẹni tí a ń fún ní òmìnira Carroll.

Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n yẹn, Borghero kò jókòó. Ní ọdún 1863 kan náà ó gba ọ̀nà etí òkun wá sí Èkó. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn Àgùdà tí kò ní àlùfáà, tí ọkùnrin kan tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Pa Antonio, ń kó jọ láti gbàdúrà, tí ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, tí ó sì ń sin òkú wọn. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1864, ọdún tí Glele gbé ogun lọ bá ìlú náà tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Ní 1865 ó padà sí Yúróòpù, ó sì kúrò nínú ẹgbẹ́ SMA. Àlùfáà mìíràn, Fadá Bouche, ni ó wá jókòó sí Èkó ní 1868.

Borghero kú ní ọdún 1892. Ní ọdún yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, tí ọ̀nà ilẹ̀ wa fi ṣí sílẹ̀ fún àwọn míṣọ́nnárì. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀. Bí ẹ bá dé Ouidah lónìí, ẹ ó rí ilé ìjọ ńlá ti Ìyá wa Màríà tí a kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí ó dojú kọ ilé àwọn ère náà, kò ju ojú títì kan lọ láàárín wọn.