Àìná Ọnàbólú: Ayàwòrán tí ó fi Ọjọ́ Ayé Rẹ̀ Tọ Ipa Ìmọ́lẹ̀

Ìfáàrà

Bí oòrùn bá ràn sára ènìyàn, kì í ràn sí gbogbo ara rẹ̀ bákan náà. Ẹ̀gbẹ́ kan á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣókùnkùn, òjìji á sì nà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni tọmọdé tàgbà ń rí èyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè fi ọ̀dà gbé e sórí pépà. Àìná Ọnàbólú, tí a kà sí aṣáájú àwọn ayàwòrán ìgbàlódé ní ilẹ̀ Nàìjíríà, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Iṣẹ́ yìí ni ó fi ayé rẹ̀ ṣe, kò sì fi mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nìkan.

Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí Ọnàbólú ní ọdún 1882. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kí ó tó lọ sí Èkó láti tẹ̀ síwájú. Láti kékeré ni ó ti máa ń wo àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó, tí yóò sì yà wọ́n bí ó ti rí wọn. Àwòrán yíyà kò tíì di ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà. Nítorí náà, ojú rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́, ó di akọ̀wé ìjọba ní Èkó, ṣùgbọ́n kò fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀, Fọ́tò àti Ọ̀dà

Ní àkókò tí à ń wí yìí, iṣẹ́ fọ́tò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni àwọn ayafọ́tò ìgbà náà gbára lé jùlọ. Ẹni tí a fẹ́ yà ní láti jókòó jẹ́ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ara rẹ̀ bọ̀ lè rí àyè wọ inú ẹ̀rọ, kí ó sì sọ ara rẹ̀ di àwòrán. Bí fọ́tò wọ̀nyí ti jọ ènìyàn tó, àwọ̀ dúdú, funfun àti eérú nìkan ni wọ́n ní. Iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń fúnra rẹ̀ ṣe nínú ẹ̀rọ ni Ọnàbólú fẹ́ fi ọwọ́ ṣe, kí àwọ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1906, kí ó tó pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ọ̀dà olómi kò gba àṣìṣe. Funfun pépà fúnra rẹ̀ ni ayàwòrán fi ń ṣe ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ó bá ti kùn jù, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ó wá ń fi ọ̀dà olóròóró ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó, bí irú èyí tí ó ya Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà ní ọdún 1920, ìṣòro mìíràn ni ó bá pàdé. Ara ènìyàn dúdú kì í ṣe dúdú lásán. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, ó lè máa dán bí idẹ. Níbi tí òjìji bá wà, ó lè máa fà sí àwọ̀ aró. Ayàwòrán tí kò bá fara balẹ̀ wo èyí yóò sọ ènìyàn di èédú.

Ohun tí Ó ń Jà Fún

Kì í ṣe ẹwà nìkan ni Ọnàbólú ń lé. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ òyìnbó ni ó gbà pé irú àwòrán báyìí kọjá agbára ọmọ Áfíríkà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1920, ó pàtẹ àwọn àwòrán rẹ̀ ní Èkó, ó sì kọ ìwé kékeré kan lórí iṣẹ́ ọnà. Ní ọdún yìí kan náà ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọdún márùndínlógójì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní Paris pẹ̀lú. Ọdún 1922 ni ó ya àwòrán Sisi Nurse, tí òkìkí rẹ̀ kàn.

Nígbà tí ó padà dé, kò jókòó ti àwọn olówó tí ó fẹ́ kí ó ya àwọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbà lọ. Òun nìkan ni ó ń ti King's College bọ́ sí CMS Grammar School àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní Èkó, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú àti bí òjìji ṣe ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀. Ó tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Mr Perspective.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Kenneth Murray ni ó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927. Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò pa pọ̀. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ gbé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ lárugẹ, ó sì ń bẹ̀rù kí ọ̀nà òyìnbó má ba tiwọn jẹ́. Lójú Ọnàbólú, ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó. Oòrùn tí ó ràn ní Lọ́ńdọ̀nù náà ni ó ń ràn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Murray ni Ben Enwonwu ti jáde, ṣùgbọ́n Ọnàbólú ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí Murray gbà wọlé.

Àgbálọgbábọ̀

Ọnàbólú jáde láyé ní ọdún 1963. Àwòrán rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó jà fún ni ó rìn jìnnà jù. Bí olùkọ́ kan lónìí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìletò kan ní Akínyẹlé tàbí Lágelú bá gbé igbá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ó ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé kí wọ́n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù, ojú ọ̀nà tí Ọnàbólú là ni ó ń tọ̀. Bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá kú ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, kì í ṣe àìsí oòrùn ni yóò fà á, bí kò ṣe àìsí olùkọ́. Ohun tí ó mú akọ̀wé kan kúrò nídìí tábìlì rẹ̀ ní Èkó láti di olùkọ́ nìyẹn.