Ìyá Àwọn Ọmọdé ní Kúdẹtì: Ìtàn Ìyáàfin Anna Hinderer

Nígbà tí a bá ń sọ bí Ìhìnrere ti wọ ìlú Ìbàdàn, orúkọ Alùfáà David Hinderer ni a máa ń kọ́kọ́ dá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni ó wá wo ilẹ̀ náà ní ọdún 1851. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn náà kì í gbàgbé ìyàwó rẹ̀. Omi ìwẹ̀, abẹ́rẹ́ òun òwú, àti àwo oúnjẹ ọmọdé ní ipa tiwọn nínú bí ìlú jagunjagun yìí ti ṣí ilẹ̀kùn fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó wọlé ọkọ. A bí i ní Hempnall, ní Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kẹta ọdún 1827. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó di ẹni ilé Alùfáà Francis Cunningham ní ìlú Lowestoft. Richenda, ìyàwó alùfáà yìí, àbúrò ni ó jẹ́ fún Elizabeth Fry, obìnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àánú tí ó ṣe fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni kí a máa bẹ aláìsàn wò, kí a sì máa ro ti aláìní. Láti kékeré ni Anna ti tọrọ pé kí wọ́n fún òun ní kíláàsì ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ tí aṣọ wọn ti gbó, tí ẹnikẹ́ni kò náání, ni ó sì kó jọ.

Ó fẹ́ Hinderer ní oṣù Kẹwàá ọdún 1852, wọ́n sì wọ Ìbàdàn ní oṣù Kẹrin ọdún 1853. Ilé amọ̀ tí a fi ewé bò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ibà kò jẹ́ kí ara wọn le. Ní ìgbà náà, ogun ni iṣẹ́ ìlú, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Èyí ni ó mú kí ohun tí Olóyè Olúńlọ́yọ̀ ṣe jẹ́ ohun ìyanu: ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ní ọmọ ni ó mọ irú ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà nínú èyí.

Kí ni ìyá yìí fi àwọn ọmọ náà ṣe? Ó wẹ̀ wọ́n, ó rán aṣọ fún wọn, ó bọ́ wọn, ó sì kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ lílò. Ó tẹ dùùrù fún wọn, ó kọ́ wọn ní orin. Nígbà tí ara kò bá yá wọn, òun ni ń jókòó tì wọ́n. Ó jìjàdù láti gbọ́ èdè Yorùbá kí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò bí ọmọ kankan, síbẹ̀ Ìyá ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ tí ó bá ti gbìyànjú rí láti kọ́ ọmọ tí ebi ń pa ní A, B, D yóò mọ ìdí tí a fi gbọdọ̀ ka àwo oúnjẹ mọ́ ohun èlò ìhìnrere. Nínú àwọn ọmọ tí ó dàgbà ní Kúdẹtì ni Samuel Johnson wà, ẹni tí ó bá bàbá rẹ̀ dé ibẹ̀ ní ọdún 1858, tí ó sì kọ ìwé ìtàn ìran Yorùbá nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣe oore nígbà tí àpótí kún. Ní ọdún 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Ìjẹ̀bú sì dí pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí owó àti ẹrù kò lè ti Èkó dé ọ̀dọ̀ wọn bí ó ti yẹ mọ́. Ìjàyè tú ní ọdún 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Ilé Kúdẹtì kún fún àwọn ọmọ tí ó gbójú lé ìyá wọn fún oúnjẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú Ọ̀gbẹ́ni Edward Roper, òjíṣẹ́ C.M.S., ní Ìjàyè, ilé yìí kan náà ni ó gbà á. Owó ẹyọ tán pátápátá. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù wọn: aṣọ wọn, agolo, títí dé aṣọ ìtẹ́bùsùn. Ẹ̀wà tí a fi ata àti iyọ̀ sè di oúnjẹ wọn. Ẹran díẹ̀ tí wọ́n bá rí rà dà bí àsè lójú wọn. Ó pẹ́ kí ìrọ̀rùn tó dé, síbẹ̀ wọn kò tú agbo ọmọ wọn ká. Ní èrò tèmi, ẹ̀wà yẹn ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1865, Glover, tí ó ń ṣe olórí ìjọba ní Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell pé kí ó là ọ̀nà titun nínú igbó kí ó lè yẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀, kí ó sì gba àwọn òyìnbó náà là. Òru ni ó dé Kúdẹtì. Wákàtí díẹ̀ péré ni a fún ìyá yìí láti múra. Ọkọ rẹ̀ kọ̀ láti lọ, nítorí kò rí ẹni tí yóò fi ìjọ sílẹ̀ fún lójijì bẹ́ẹ̀. Ara Anna ti bàjẹ́, kò sì lè rìn jìnnà, nítorí náà àwọn aláàárù ni ó gbé e lọ. Báyìí ni ó fi ọkọ sílẹ̀, tí ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ìpinnu yìí kò rọrùn fún un rárá, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kékeré wò ó.

Ó tún padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti tán. Ní ọdún 1869 àwọn méjèèjì fi ìlú náà sílẹ̀. Ó kú ní Martham, ní Norfolk tí a ti bí i, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ẹni tí wọ́n fi ìjọ Ìbàdàn sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni Daniel Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá tí ó ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé wọn.