Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Bunsen

Ọmọ ilé-ìwé gíga tí ó bá ti wọ yàrá ìdánwò kẹ́místírì rí kì yóò ṣàìmọ orúkọ Bunsen, nítorí orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àtùpà gáàsì tí ó wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin náà fi iná àtùpà yìí rí, ìba díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Èyí ni a sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ònkàwé wa.

Ìlú Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì ni a gbé bí i ní oṣù Kẹta ọdún 1811. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń bá ewu ṣiré. Ní ọdún 1834, òun àti Dókítà Berthold rí i pé ohun kan tí ó jọ ìpẹtà irin, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó, a máa di májèlé ásẹ́níìkì mú nínú ikùn ẹni tí ó gbé e mì. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí àwọn èròjà olóòórùn burúkú tí ásẹ́níìkì wà nínú wọn. Níbi iṣẹ́ náà ni nǹkan ti bú gbàmù mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ọ̀tún fọ́, májèlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹlòmíràn ì bá sá; Bunsen parí iṣẹ́ náà ná.

Ní ọdún 1846 ó lọ sí erékùṣù Iceland, ó sọ ohun ìwọn ooru sínú ihò omi gbígbóná tí ń tú sókè níbẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tí ń tì í jáde. Ní 1852 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Heidelberg. Níbẹ̀, ní 1855, ni òun àti oníṣẹ́-ọwọ́ kan, Peter Desaga, ti ṣe àtùpà náà. Bunsen kò gba ìwé àṣẹ lé e lórí láti fi pa owó.

Iná àtùpà yìí kò ní àwọ̀ tirẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tí a bá fi sí i ni yóò fi àwọ̀ ara rẹ̀ hàn. Iyọ̀ a sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, bàbà a sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí nǹkan méjì bá pàdé ńkọ́? Àwọ̀ iyọ̀ a bo èkejì mọ́lẹ̀. Ibi tí Bunsen dúró sí nìyí, tí ó ń fi gíláàsì aláwọ̀ wo iná, kí Kirchhoff ọ̀rẹ́ rẹ̀, onímọ̀ físíìsì, tó dá a nímọ̀ràn pé kí ó fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ náà ká bí òṣùmàrè. Ní 1859 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé olúkúlùkù èròjà ni ó ní ìlà ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, bí ojú ṣe ní ilà ìdílé, tí òmíràn kò sì ní irú rẹ̀. Wọ́n ní ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná ń jó ní Mannheim, wọ́n fi ẹ̀rọ wọn wò ó láti ojú fèrèsé, wọ́n sì mọ èròjà tí ń jó níbẹ̀. Bí a bá lè ṣe èyí sí Mannheim, èéṣe tí a kò lè ṣe é sí oòrùn? Kirchhoff ṣe é.

Nínú omi ìsun Dürkheim, Bunsen rí ìlà méjì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí kì í ṣe ti èròjà kankan tí a ti mọ̀. Ẹ wo sùúrù ọkùnrin yìí: omi tí ó ju tọ́ọ̀nù 40 lọ ni a gbẹ kí ó tó rí nǹkan bí gíráàmù 7 iyọ̀ èròjà tuntun náà. Ó pè é ní caesium, ní ọdún 1860. Ní ọdún kejì ó tún rí rubidium, tí ìlà tirẹ̀ pọ́n dòdò. Lójú tèmi, ojú kan ṣoṣo tí ó kù fún un ríran ju ojú méjì ẹlòmíràn lọ.

Kò gbé ìyàwó. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní 1889. Ní 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n Ramsay ní Lọ́ńdọ̀nù fi irú ẹ̀rọ kan náà rí helium nínú òkúta ilẹ̀ ayé, èròjà tí a ti rí ìlà rẹ̀ lára oòrùn láti 1868. Bunsen jẹ́ ẹni ọdún 84 nígbà náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1899 ni ó kú ní Heidelberg.