Steller: Oníṣègùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pẹ́pẹ́yẹ inú òkun

Ojoojúmọ́ ni àwọn kọ̀ńdọ́ ń pariwo Ọba Akran sétí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége. Orúkọ ọba Àgbádárìgì ni wọ́n fi sọ títì náà. Bí ènìyàn bá kú, orúkọ a máa kù. Lókè òkun, pẹ́pẹ́yẹ ló ń gbé orúkọ ẹnìkan kiri.

Pẹ́pẹ́yẹ náà kò sí lọ́dọ̀ wa. Òkun títutù ìhà àríwá Rọ́ṣíà àti Alaska ló ń gbé. Orí akọ rẹ̀ funfun, ọ̀fun rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa rúsúrúsú, búlúù sì wà lápá rẹ̀. Steller's eider ni àwọn Òyìnbó ń pè é.

Ọdún 1709 ni wọ́n bí Georg Wilhelm Steller nílùú Windsheim, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn, ìṣègùn àti ewéko, ó sì kọjá sí Rọ́ṣíà lọ́dún 1734. Lóṣù kẹfà ọdún 1741, ó bá ọ̀gá atukọ̀ nì, Vitus Bering, wọkọ̀ lọ wá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i lóṣù keje, àmọ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá péré ni wọ́n fún Steller lórí ilẹ̀.

Lọ́nà àbọ̀, àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ pọn omi oníyọ̀ ní erékùṣù kan. Steller kìlọ̀, wọn kò gbọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun já ewé tí àwọn aláìsàn yóò lò, wọ́n kọ̀. Kò pẹ́ tí àìsàn tí àìjẹ ewébẹ̀ àti èso ń fà fi dá wọn wó: erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń kú. Lóṣù kọkànlá, ọkọ̀ wọn fọ́ sí erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ibẹ̀ ni Bering kú sí lóṣù kejìlá.

Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá di oníṣègùn wọn. Ewé tútù tí Steller ń wá àti ẹran tí wọ́n ń pa ló gbé àwọn tó kù dìde. Pákó ọkọ̀ tó fọ́ ni wọ́n fi kan ọkọ̀ kékeré, ènìyàn 46 sì gúnlẹ̀ láyọ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1742.

Ibà ló pa Steller nílùú Tyumen lọ́dún 1746, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlógójì, nígbà tó ń padà lọ sí St. Petersburg. Lọ́dún 1769, onímọ̀ kan, Peter Simon Pallas, fi orúkọ rẹ̀ sọ pẹ́pẹ́yẹ náà.

Ẹran òkun ńlá kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bákan náà ti parẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1768, àwọn ọdẹ ló pa á tán. Kí pẹ́pẹ́yẹ náà má baà tẹ̀ lé e, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bo àwọn tó ń yé ẹyin ní Alaska lọ́dún 1997.