Augustine: Ọmọ Tí Àdúrà Ìyá Rẹ̀ Lé Bá

Ogún tí òbí lè fi sílẹ̀ fún ọmọ pọ̀. Ẹ lè fi ilé sílẹ̀ fún un, ẹ lè fi oko kòkó tàbí owó báńkì sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ogún kan wà tí kò ṣe é kọ sínú ìwé ìpíngún: ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run. Ẹ lè kọ́ ọmọ ní katikísímù, ẹ lè máa jí i fún àdúrà òwúrọ̀ láti kékeré, kó sì di ọjọ́ kan kí ó ní òun ò ṣe mọ́. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín rí, ẹ mọ bí ó ti ń dunni tó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ìgbésí ayé Augustine yẹ̀ wò.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354, nílùú Thagaste. Souk Ahras ni wọ́n ń pe ìlú náà lónìí, ní orílẹ̀-èdè Àlgéríà. Ìjọba Róòmù ló ń darí ibẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀sìn méjì ló wà nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Patricius bàbá rẹ̀ kò tíì gba Jésù. Oníbìínú ni, kì í sì í ṣe olóòótọ́ sí aya rẹ̀. Monica ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ tòótọ́. Obìnrin yìí kì í bá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Yóò dúró kí ara ọkọ rọ̀ kí ó tó la ọ̀rọ̀ yé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ọkọ fi yí padà, tí ó sì ṣe ìrìbọmi kí ó tó kú, nígbà tí Augustine wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 17.

Láti kékeré ni Monica ti mú ọmọ rẹ̀ wá síwájú Ọlọ́run. Wọ́n fi àmì àgbélébùú sí i lára, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣe ìrìbọmi fún un. Ọmọ náà mọ̀wé púpọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó ńlá, síbẹ̀ wọ́n sa gbogbo ipá wọn kí ó lè lọ kàwé ní Carthage, ìlú ńlá etí òkun tó wà nítòsí ibi tí Tunis wà lónìí. Ibẹ̀ ló ti mú obìnrin kan sọ́dọ̀ láìgbé e níyàwó, obìnrin náà sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Adeodatus ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ Ọlọ́runfúnmi tiwa.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 19, ó ka ìwé kan tí Cicero, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù, kọ nípa wíwá ọgbọ́n. Ìwé náà gbà á lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó tẹ́ ẹ lọ́rùn tán: kò rí orúkọ Kristi níbẹ̀, orúkọ tó ti bá omi ọmú ìyá rẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ. Ó wá ṣí Bíbélì, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò dùn létí ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀, ó sì pa á tì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Mani, ọkùnrin ará Páṣíà kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta. Wọ́n ń kọ́ni pé agbára méjì ló ń bá ara wọn jà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ẹ̀kọ́ yìí bá Augustine lára mu, nítorí ó jẹ́ kó lè sọ pé kì í ṣe òun gan-an ló ń dẹ́ṣẹ̀, bí kò ṣe nǹkan mìíràn tó wà nínú òun. Ó lo nǹkan bí ọdún 9 níbẹ̀, ó sì ń fa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí lẹ̀ bá ṣe bí ọmọ yín bá gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wálé? Monica kọ́kọ́ kọ̀ láti bá a jẹun pọ̀. Ṣùgbọ́n ó lá àlá kan. Ó rí ara rẹ̀ lórí pákó gbọọrọ kan, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń tàn yọ sí i, ó ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé ibi tí òun ìyá wà ni ọmọ náà yóò wà. Nígbà tó yíjú, ó rí Augustine tí ó dúró tì í lórí pákó kan náà. Bí ó ṣe gbà á padà sílé nìyẹn. Nígbà tí ọmọ gbọ́ àlá náà, ó fẹ́ yí i po, ó ní bóyá ìyá òun ni yóò wá síbi tí òun wà. Kíá ni ìyá dá a lóhùn pé wọn kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún òun. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Monica kò gba ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n ó gba ọmọ rẹ̀.

Ó tún lọ bá bíṣọ́ọ̀bù kan pé kó bá òun bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kọ̀. Àárín àwọn ọmọlẹ́yìn Mani ni wọ́n ti tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà, ìwé wọn tó sì ń kà ló jẹ́ kó rí àṣìṣe wọn. Ó mọ̀ pé ọmọ náà kò tíì ṣe tán láti gbọ́. Ó ní kí ìyá fi í sílẹ̀, kó sáà máa gbàdúrà. Nígbà tí Monica kò yéé bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún, ó sú u, ó ní kó máa lọ, pé ọmọ tí ìyá sun irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lé lórí kò lè ṣègbé.

Kí ẹ má rò pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni èsì dé o. Ọdún ń gorí ọdún. Augustine bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ọmọlẹ́yìn Mani kò lè dáhùn ìbéèrè òun. Faustus, ọ̀gá wọn tí wọ́n ní yóò yanjú gbogbo rẹ̀, dé lóòótọ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n kò ní ìdáhùn. Ní ọdún 383 Augustine pinnu láti lọ sí Róòmù. Monica tẹ̀ lé e dé etí òkun, ó dì í mú, ó ní kó bá òun padà sílé tàbí kí àwọn jọ lọ. Ọmọ purọ́ fún ìyá, ó ní òun kàn fẹ́ dúró ti ọ̀rẹ́ òun kan títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí. Ó rọ ìyá kó lọ sùn ní ilé àdúrà ìrántí Cyprian ajẹ́rìíkú, tó wà nítòsí. Ní òru ọjọ́ náà, bí ìyá ti ń sunkún tó ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ má lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọ ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò bá a mọ́.

Ẹ dúró díẹ̀, ẹ rò ó wò. Lójú Monica, àdúrà òru yẹn kò gbà. Ṣùgbọ́n Ítálì tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ ni Ọlọ́run ti fẹ́ pàdé ọmọ náà. Augustine fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nígbẹ̀yìn pé Ọlọ́run fi ohun tí ìyá òun béèrè lóru ọjọ́ kan dù ú, kí ó lè fún un ní ohun tó ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọdún 384 ó rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Milan. Ambrose ni bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Nítorí kó lè gbọ́ bí ọkùnrin yìí ti ń to ọ̀rọ̀ ló ṣe ń lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ohun tó ń sọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára. Monica náà la òkun kọjá wá bá a. Òun náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó lọ́wọ́ nínú ètò láti fẹ́ ọmọ ẹni-ńlá kan fún Augustine, nítorí èyí ni wọ́n sì ṣe dá ìyá Adeodatus padà sí Áfíríkà láìsí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Augustine jẹ́wọ́ pé ọgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá sí òun lọ́kàn. Ìgbéyàwó náà kò sì wáyé.

Ní ọdún 386, ó wà nínú ọgbà ilé tó ń gbé pẹ̀lú Alypius ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, agbára láti ṣe é ni kò sí. Ó lọ ṣubú sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ń sunkún. Ó gbọ́ ohùn ọmọdé láti ilé kan nítòsí, tó ń kọ ọ́ lórin lemọ́lemọ́ pé kó mú un, kó kà á. Ó ṣí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ẹsẹ 13 àti 14 nínú orí 13. Ẹ ṣí i nínú Bíbélì yín, kí gbogbo ilé jọ kà á. Kò kà kọjá ibẹ̀. Ó wọlé lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ayọ̀ ìyá sì kún. Ní òru Àjíǹde ọdún 387, Ambrose ṣe ìrìbọmi fún òun, ọmọ rẹ̀ àti Alypius.

Ní ọdún kan náà, bí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sí Áfíríkà ní Ostia, ibà dá Monica dúbúlẹ̀, ó sì kú ní nǹkan bí ọmọ ọdún 55. Tẹ́lẹ̀, ó ti pèsè ibojì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ní ìkẹyìn ó ní ibi yòówù kí wọ́n sin òun sí, kí wọ́n sáà máa rántí òun níwájú pẹpẹ Olúwa. Augustine padà sílé, ó di àlùfáà ní Hippo ní ọdún 391, lẹ́yìn náà ó di bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 430, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Vandal dó ti ìlú náà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti kẹ̀yìn sí ilé Ọlọ́run, ọdún mélòó lẹ ti ń gbàdúrà? Monica lo ju ọdún 10 lọ kó tó rí èsì. Ẹ má ṣe gbé ọmọ ṣépè. Ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ohun tó ń ṣe dára. Ẹ sọ òtítọ́ fún un, kí ẹ wá jẹ́ kó máa rí i nínú ìwà yín lójoojúmọ́, bí Patricius ti rí i. Bí ó bá tilẹ̀ lọ sí ibi tí ọwọ́ yín kò tó, ọwọ́ Ọlọ́run tó ibẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìbéèrè bá wà lọ́kàn yín, ẹ béèrè. Augustine béèrè, Ọlọ́run kò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń fà yín lọ náà ní irú ìbéèrè kan náà, bí ó ti bi Faustus. Ẹ má sì ṣe purọ́ fún ìyá yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ pe orúkọ ọmọ náà níwájú Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan sí i. Olúwa tí ó rí omijé Monica yóò rí tiwa náà, yóò sì kó àwọn ọmọ wa padà wálé, ní orúkọ Jésù. Àmín.